Ọjọ́rú ní Jọ́ọ̀sì: Bí Àwàdà Ṣe Ń Mú Òṣìṣẹ́ La Àárín Ọ̀sẹ̀ Kọjá

Ọjọ́rú ló wà ní àárín gbùngbùn ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún. Ọjọ́ méjì ti lọ, ọjọ́ méjì ṣì kù. Agbára tí òṣìṣẹ́ gbé kúrò nílé lọ́jọ́ Ajé ti ń dín kù, ìsinmi ọjọ́ Àbámẹ́ta kò sì tíì súnmọ́ débi tí ọkàn yóò fi máa yọ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ tí ọ̀gá pín lọ́jọ́ Ajé ti ń béèrè èsì, owó mọ́tò tí a yà sọ́tọ̀ ti ń tán lọ, oorun ọ̀sán sì ń fa ìpéǹpéjú wálẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọjọ́ yìí wé iké tí èèyàn gbọ́dọ̀ gùn kọjá kó tó bọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀sẹ̀. Ní 2013, ilé iṣẹ́ adójútòfò GEICO fi ràkúnmí oníké kan ṣe ìpolówó ọjà: ẹranko náà ń rìn láàárín ọ́fíìsì, ó ń bi àwọn òṣìṣẹ́ pé ọjọ́ wo ni òní, títí ẹnìkan fi dáhùn. Kò pẹ́ tí ìpolówó náà fi di ẹ̀fẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń bá ara wọn ṣe lọ́jọ́rú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọjọ́ Ajé ló burú jù. Ìwádìí kò fi gbogbo ara gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní 2012, Arthur Stone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì iṣẹ́ kan jáde, èyí tí wọ́n yọ láti inú ìdáhùn àwọn ará Amẹ́ríkà tó ju 300,000 lọ. Wọ́n rí i pé inú èèyàn máa ń dùn sí i lọ́jọ́ Ẹtì àti ní òpin ọ̀sẹ̀, àmọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ kò tó nǹkan. Èyí fi hàn pé ẹrù Ọjọ́rú kò fúyẹ́ ju ti ọjọ́ Ajé lọ. Ariwo ọjọ́ Ajé ló pọ̀ jù. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ wá fi ń gbé ẹrù náà yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní Jọ́ọ̀sì, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Plateau, àwàdà ni olórí rẹ̀, àwàdà ibẹ̀ sì ní ìtàn, ó ní òfin.

Bí ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ ṣe gun òkè

Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Hausa àti ilẹ̀ Yorùbá nígbà tí òyìnbó dé. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti mú un wá ṣáájú. Àlàárùbá tí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ń pe Ọjọ́rú, láti inú èdè Lárúbáwá ló ti wá, òun náà ni Hausa ń pè ní Laraba. Títí di òní, ọmọbìnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà lè máa jẹ́ Laraba, kí ọmọkùnrin máa jẹ́ Balarabe. Síbẹ̀, ọjọ́ ọjà ló ń darí iṣẹ́ nígbà náà. Yorùbá ń ná ọjà ní ọrọọrún, àgbẹ̀ sì ń fi òjò àti oòrùn mọ ìgbà tí yóò ki ọwọ́ bọ oko. Kò sí àárín ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ń kanra lé lórí, nítorí kò sí agogo tó ń pe èèyàn wọlé iṣẹ́.

Kúsà ló yí i padà ní Jọ́ọ̀sì, ìyẹn irin funfun tí wọ́n fi ń ṣe agolo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní orí òkè Jọ́ọ̀sì. Ní 1914, ojú irin kékeré láti Zaria gun òkè dé ibẹ̀. Ní 1927, ojú irin mìíràn so ìlú náà mọ́ Port Harcourt. Ọkọ̀ ojú irin kò dúró de ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń san owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kò gbàgbé ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ pa jẹ. Bí ibi ìwakúsà ṣe ń gbilẹ̀ ni èèyàn ń rọ́ wá: Birom, Anaguta àti Afizere tí wọ́n ni ilẹ̀ yí ìlú náà ká, Hausa, Ígbò, Urhobo, Tiv àti Yorùbá. Àwọn ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ pọ̀ gan-an láàárín àwọn Yorùbá tó wá ṣòwò níbẹ̀. Nígbà tí Leonard Plotnicov, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá láti Amẹ́ríkà, gbé ìwé rẹ̀ lórí àwọn àlejò ìlú Jọ́ọ̀sì jáde ní 1967, ìlú náà ti di ibi tí ìran púpọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan.

Kúsà ti rọlẹ̀, àmọ́ ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ kò bá a lọ. Iṣẹ́ ọ́fíìsì àti iṣẹ́ ìwé ló gba ipò rẹ̀. Ilé ìwádìí ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko ti wà ní Vom láti 1924. Ní 1952 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jọ́ọ̀sì, lábẹ́ akitiyan Bernard Fagg. Yunifásítì Jọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ní 1971 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì dá dúró ní 1975. Àjọ tó ń rí sí fíìmù ní Nàìjíríà fi ìlú náà ṣe ibùjókòó. Olú ilé iṣẹ́ ìjọ Kristẹni COCIN àti ti ECWA wà níbẹ̀, sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ Joseph Gomwalk, gómìnà Benue-Plateau nígbà kan. Nínú àwọn ilé wọ̀nyí, ẹni tó jókòó sí tábìlì kìíní lè jẹ́ Ngas, èkejì Tarok, ẹ̀kẹta Yorùbá láti Ọ̀fà, ẹ̀kẹrin Fúlàní láti Bauchi. Hausa ni gbogbo wọn fi ń pàdé, wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì bù ú, olúkúlùkù á sì padà sí èdè tirẹ̀ nígbà tó bá rí ará ilé.

Àwàdà tí ìran méjì jọ ni

Àwàdà tó lágbára jù ní irú ibi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí kò sí ẹni tó dá a sílẹ̀ láàárín àwọn tó wà níbẹ̀. Wọ́n bá a nílẹ̀ ni. Fúlàní àti Kanuri, tí Hausa ń pè ní Barebari, ti ń bá ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Bí Fúlàní bá pàdé Barebari, ó lè sọ pé ẹrú òun nìyí, kó sì ní kó sọ̀ ẹrù kalẹ̀ wá kí olówó rẹ̀. Ẹnìkejì á dá a lóhùn pé ẹrú tó sá lọ ló padà wá yìí. Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bọwọ́. Ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi. Láàárín Hausa, ọmọ tí ọkùnrin bí àti ọmọ tí arábìnrin rẹ̀ bí náà ní irú àǹfààní yìí lórí ara wọn.

Ní 1940, A. R. Radcliffe-Brown, onímọ̀ àṣà ẹ̀dá ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí irú àjọṣe yìí. Ó ṣàlàyé pé àjọṣe kan ni, nínú èyí tí àṣà ti fún ẹnìkan láyè, tàbí kó tilẹ̀ pa á láṣẹ, pé kó máa fi ẹnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́, tí ẹnìkejì kò sì gbọdọ̀ bínú. Ó rí i pé ibi tí èèyàn méjì ti gbọ́dọ̀ jọ wà, tí ohun tó lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn sì wà, ni àṣà náà ti máa ń gbilẹ̀. Ní 2014, àjọ UNESCO kọ irú àwàdà yìí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní orílẹ̀-èdè Niger, sínú ìwé àwọn ogún àṣà aráyé.

Yorùbá kò lọ́wọ́ sí ti Fúlàní àti Barebari, ṣùgbọ́n wọ́n gbé tiwọn wá láti ilé. Ọmọ Yorùbá méjì tí wọ́n pàdé ní ọ́fíìsì kan ní Jọ́ọ̀sì kì í pẹ́ béèrè ìlú ara wọn, ìlú tí wọ́n bá dárúkọ ni àwàdà á sì gbà wọlé. Bí ará Iléṣà bá yá ẹnìkan lówó mọ́tò lọ́jọ́ Ajé, tó wá fa àga súnmọ́ tábìlì ẹni náà lọ́jọ́rú, wọ́n á ti hó pé òṣómàálò dé, ẹni tó máa lóṣòó títí owó rẹ̀ yóò fi pé. Ìjẹ̀bú tó bá ní òun kò ní owó oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á ní ta ni yóò gbà á gbọ́. Ará Èkìtì tó bá gbé ìrẹsì wá, wọ́n á bi í bóyá ara rẹ̀ yá, nítorí wọ́n mọ iyán mọ́ ọn. Ọmọ Ọ̀yọ́ tó bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ tọrọ gáfárà, wọ́n á ní kí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ di àpò rẹ̀ mú. Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tó jẹ́ tuntun, àsọtúnsọ ni gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í dunni: ìlú ni wọ́n ń bú, èèyàn kọ́.

Òkè náà sì bí tirẹ̀. Láàárín Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́, òtútù ọyẹ́ lè mú kí òwúrọ̀ Jọ́ọ̀sì lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 10 lórí ìwọ̀n Celsius. Ìlú náà fi nǹkan bíi mítà 1,200 ga ju ojú òkun lọ. Ará Èkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ rẹ̀ dé, tó wọ súwẹ́tà méjì àti fìlà onírun, di ohun ìran fún ọmọ ìlú tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Wọ́n á bi í bóyá ọ́fíìsì ló ń bọ̀ tàbí òkè yìnyín. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, òun náà á ti máa fi ará Èkó mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́, ìgbà yẹn sì ni wọ́n gbà pé ó ti di ọmọ Jọ́ọ̀sì.

Orúkọ, bọ́ọ̀lù àti ayò

Orúkọ ìnagijẹ ni irú àwàdà kejì. Nínú agbo ilé Yorùbá, ìyàwó kì í pe àwọn ọmọ ilé ọkọ ní orúkọ àbísọ. Ó máa ń wo ìrísí tàbí ìwà ẹni kó tó sọ ọ́ lórúkọ: Akọ̀wé, Eyínfúnjowó, Òpéléńgé, Adúmáadán. Orúkọ náà ń yinni, ó sì lè máa ta àṣírí ẹni díẹ̀díẹ̀. Àṣà yìí kan náà ni òṣìṣẹ́ Yorùbá ń gbé wọ ọ́fíìsì. Akọ̀wé tí kì í parí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni lóòjọ́ á di Ẹ-padà-wá-lọ́la; àwọn tó ń sọ Hausa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á pè é ní Sai Gobe. Ẹni tó ń gbé báàgì kọ́ èjìká láti aago méjì ọ̀sán náà ní orúkọ tirẹ̀. Orúkọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí ìwé ìbáwí kì í lè ṣe, nítorí pé ẹni tó ń jẹ́ ẹ náà á rẹ́rìn-ín, á sì tún ara ṣe láìsí pé ojú tì í níwájú ọ̀gá.

Bọ́ọ̀lù ló fún Ọjọ́rú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ti Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń gbá ọ̀pọ̀ ìdíje Champions League ti ilẹ̀ Yúróòpù. Aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án alẹ́ ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù á sì kún fọ́fọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹmi ti mọ ohun tó ń dúró dè é. Ní Jọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ náà tún súnmọ́ ilé: ìlú náà ni wọ́n ti bí Mikel Obi ní 1987, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù fún Chelsea láti 2006 sí 2017, tó sì wà nínú ikọ̀ tó gba ife Champions League ní 2012. Ibẹ̀ náà ni wọ́n bí Ahmed Musa sí. Nítorí náà, olólùfẹ́ Chelsea ní Jọ́ọ̀sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìdílé rẹ̀ ló ni ẹgbẹ́ náà, èyí sì ń mú kí yẹ̀yẹ́ rẹ̀ dùn nígbà tí wọ́n bá nà án. Plateau United, ẹgbẹ́ ìlú náà, gba ife líìgì Nàìjíríà ní 2017. Lórí ọ̀rọ̀ Plateau United, olólùfẹ́ Chelsea àti ti Arsenal lè jọ wà ní apá kan náà fún ọjọ́ kan.

Àwọn tí bọ́ọ̀lù kò wọ̀ lára ní ayò. Ìdí ọpọ́n ayò ni Yorùbá ti fún ẹnu láyè jù. Ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó ń borí, lè sọ ohunkóhun sí ọ̀pẹ́, ìyẹn ẹni tí wọ́n ń nà, ọ̀pẹ́ kò gbọdọ̀ bínú, àfi kó fi ọmọ ayò gbẹ̀san. Àwọn tó dúró wòran náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí ọpọ́n bá ti dé, ọ̀rọ̀ náà tán nìyẹn.

Ohùn láti orí ẹ̀rọ

Àwọn àwàdà ìdí tábìlì wọ̀nyí ń jẹun láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá tó fi ẹ̀fẹ̀ ṣe iṣẹ́. Moses Ọláìyá, Baba Sàlá, tí wọ́n bí ní 1936, tó sì kú ní 2018, ló kọ́kọ́ sọ Aláwàdà di orúkọ tí gbogbo ilé mọ̀, láti orí ìtàgé dé orí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn. Fíìmù rẹ̀, Ọ̀run Móoru, jáde ní 1982. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Gbénga Adébóyè dé, ẹni tó fi ohùn ara rẹ̀ nìkan ṣe èèyàn púpọ̀ lórí rédíò àti nínú kásẹ́ẹ̀tì, lára wọn Làísì Abẹ́súpinlẹ̀ àti Ìtú Baba Ìta, títí tó fi kú ní 2003. Ní apá Hausa, Usman Baba Pategi tó ń ṣe Samanja lórí tẹlifíṣọ̀n NTA fi ìgbé ayé bárékè ṣe ẹ̀fẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti ṣe sójà rí. Yorùbá tó dàgbà ní Jọ́ọ̀sì mọ Baba Sàlá nílé, ó mọ Samanja níta, ó sì lè fi ohùn méjèèjì sọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá kan náà.

Lóde òní, fóònù ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Fídíò ìṣẹ́jú kan àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ń ti orí WhatsApp kan bọ́ sórí òmíràn kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó mọ́. Ó rọrùn, àmọ́ ó ní àléébù kan: ẹni tó dá wo fídíò á rẹ́rìn-ín imú, á sì fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀.

Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́

Ìwádìí ṣàlàyé àléébù náà. Robert Provine, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fetí sí ẹ̀rín àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ó sì kó èsì rẹ̀ sínú ìwé kan ní 2000. Ó rí i pé èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín ní nǹkan bí ìlọ́po ọgbọ̀n nígbà tó bá wà láàárín ẹgbẹ́ ju ìgbà tó bá dá wà lọ. Ó tún rí i pé ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ẹ̀rín kì í sábà pa èèyàn lẹ́rìn-ín bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀; ọ̀rọ̀ lásán bíi «ó ti dé nìyẹn» ló pọ̀ jù nínú wọn. Robin Dunbar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford fi hàn lẹ́yìn náà pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín gidi pa pọ̀ lè fara da ìrora ju àwọn tí kò rẹ́rìn-ín lọ. Wọ́n gbà pé omi ara kan tí ọpọlọ ń tú jáde, tó ń pẹ̀tù sí ìrora, ló fà á.

Yorùbá ti sọ ọ́ ní ṣókí: bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Owó oṣù tó pẹ́, iná tó lọ ní àárín iṣẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń yí lórí kọ̀ǹpútà láti òwúrọ̀, kò sí èyí tí òṣìṣẹ́ kékeré lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe. Ẹ̀rín kò mú iná wá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ẹni mẹ́wàá mọ̀ pé ohun kan náà ló ń ṣe àwọn, ẹrù tí a sì mọ̀ pé a jọ rù kì í wúwo tó èyí tí a dá rù.

Ààlà

Ìlú Jọ́ọ̀sì mọ ohun tí ẹnu lè dá sílẹ̀. Rògbòdìyàn ẹ̀sìn àti ẹ̀yà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2001, ní 2008 àti ní 2010, ẹ̀mí púpọ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ìdílé sì kó kúrò ní àdúgbò tí wọ́n ti bí wọn lọ sí ibi tí àwọn ẹlẹ́sìn wọn pọ̀ sí. Ọjà ńlá ìlú náà, níbi tí gbogbo ìran ti ń pàdé, ti jóná ní 2002. Láti ìgbà náà, ibi iṣẹ́ wà lára àwọn ibi díẹ̀ tí Mùsùlùmí àti Kristẹni ti ń jókòó ti ara wọn fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́. Àwàdà ibẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Òfin rẹ̀ kò sí nínú ìwé, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó pẹ́ níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀sìn kì í ṣe ohun àwàdà, bẹ́ẹ̀ ni òkú, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè ta ni onílẹ̀, ta ni àlejò. Ìran tí àṣà ti fún láyè láti bá ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀ lè máa ṣe é; ẹni tí kò sí nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ yá ẹnu wọn lò. Ọ̀gá tó bá fi ọmọ iṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ti ṣi agbára lò, nítorí ọmọ iṣẹ́ kò lè dá a padà. Àwàdà tí ẹnìkejì kò lè fèsì sí ti di ìfìyàjẹni. Obìnrin tó bá ní òun kò fẹ́ irú ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà tán nìyẹn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Àṣà Yorùbá ti mọ ààlà yìí tipẹ́. Ní ilẹ̀ Kétu àti agbègbè rẹ̀, alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí UNESCO kà mọ́ ogún aráyé ní 2001. Lálẹ́ ọjọ́ náà, akọrin tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀fẹ̀ lè bú ọba, kó bú ọlọ́rọ̀, kó sì tú àṣírí òfófó ìlú, láìsí ẹni tí yóò mú un. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ ń júbà: ó ń júbà òrìṣà, àgbà àti àwọn ìyá kó tó la ẹnu lé ẹnikẹ́ni. Ìbà ló ń gba ẹ̀fẹ̀ láyè.

Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ kí Ọjọ́rú fúyẹ́ lè tẹ̀ lé ìlànà kan náà. Kó bẹ̀rẹ̀ àwàdà láti orí ara rẹ̀, nítorí ẹni tó ti kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ti júbà. Kó ṣe é láàárín ẹgbẹ́, ní àkókò oúnjẹ, dípò orí fóònù nìkan. Kó yọ ẹ̀sìn, ìran tí kì í ṣe tirẹ̀, àti ẹni tí kò lè fèsì sílẹ̀. Bí àkókò bá sì pé, kó padà sídìí iṣẹ́, nítorí àwàdà tó jẹ iṣẹ́ Ọjọ́rú á sọ ọ́ di gbèsè Ọjọ́bọ̀.